Ẹrù Kérésìmesì fún ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lókè òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa ọkùnrin wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti kó ẹgbẹ́ wọn lọ sókè òkun láti oṣù kẹjọ. Kò lè sọ ibi tó wà gan-an fún wa, àmọ́ ó fi àdírẹ́sì kan ránṣẹ́ tó ní APO AE nínú. A fẹ́ di ẹrù Kérésìmesì tó máa tó òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń sun yàrá kan náà. Ṣé DHL la máa gbé e fún kó lè tètè dé? Kí la lè dì, kí ni a ò gbọ́dọ̀ dì, ìgbà wo ló sì yẹ kó kúrò lọ́wọ́ wa? Ìyá sójà, Texas.

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú lọ́nà, ìyá wa. Ayọ̀ ni ẹ ó fi kí i káàbọ̀.

Ká ti ibi DHL bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó àti ọjọ́ ti sábà máa ń ṣòfò. DHL, UPS àti FedEx kì í gbé ẹrù dé àdírẹ́sì APO, ìyẹn póòsù ọ́fíìsì ológun. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn USPS, ni ẹ ó gbé e lọ. USPS á gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹrù àwọn ológun jọ, Chicago ló sì sábà máa ń jẹ́. Níbẹ̀ ni àjọ ìfìwéránṣẹ́ ológun, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ààbò, yóò ti gbà á. Wọ́n á fi bàálù gbé e dé ibùdó, sójà tó ń bójú tó lẹ́tà nínú ẹgbẹ́ ọmọ yín yóò sì fà á lé e lọ́wọ́. Lójú òfin ìfìwéránṣẹ́, ẹrù yẹn kò kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Owó tí ẹ ó san kò ju èyí tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó ń ti Texas lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú ni pé wọ́n ń ṣe é bí ẹrù ilẹ̀ òkèèrè: wọ́n á kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára páálí, wọ́n á wá ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù rékọjá òkun, ẹrù á sì ṣìnà. Ẹrù abẹ́lé ni. Ibi méjì péré ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti wọ inú rẹ̀: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, àti òfin ilẹ̀ tí ibùdó náà wà.

Àdírẹ́sì

Ìlà mẹ́ta ni. Ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, bó ṣe wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ipò rẹ̀ wà níwájú bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ orúkọ tí ẹ fi ń kẹ́ ẹ nílé. Ìlà kejì ni UNIT, PSC tàbí CMR (àmì ẹgbẹ́ tàbí yàrá lẹ́tà wọn) pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí BOX tẹ̀ lé e bí wọ́n bá fún un ní BOX. Ìlà kẹta ni APO, AE àti ZIP, ìyẹn nọ́ńbà agbègbè. APO ló wà ní ipò orúkọ ìlú, AE ló wà ní ipò ìpínlẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá ń kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ APO síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú, AE síbi ìpínlẹ̀, kí ẹ sì mú United States níbi orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá ẹ ṣi àdírẹ́sì náà kọ. AE ni ti Yúróòpù, Áfíríkà, Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti Kánádà, ZIP rẹ̀ sì máa ń fi 09 bẹ̀rẹ̀. AP ni ti agbègbè Pàsífíìkì, 96 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. AA ni ti ibi yòókù lápá Amẹ́ríkà, 34 ló ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí AE tí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì fi 96 bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti ṣì í kọ. Ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó náwó. Àwọn tó wà nínú ológun ojú omi ní tiwọn ń lo FPO dípò APO, àwọn tó wà ní ilé aṣojú ìjọba ń lo DPO.

Ẹ má kọ Kuwait, Iraq tàbí orúkọ ìlú kankan sí i, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà máa ń ka orúkọ orílẹ̀-èdè, ó sì lè ti páálí náà sí ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí APO kò ti ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹrù lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí kejì ni ààbò. Nítorí ààbò yìí kan náà, ẹ má gbé fọ́tò páálí yẹn sórí Facebook nígbà tí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì hàn, ẹ má sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wálé síbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lè ti gbọ́ pé èèyàn kàn lè kọ “fún sójà èyíkéyìí” sára ẹrù. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ètò ààbò dá ètò yẹn dúró lọ́dún 2001. Láti ìgbà náà, ẹrù tí kò ní orúkọ ẹnì kan pàtó kì í lọ. Bí ará ilé tàbí ará ìjọ yín bá fẹ́ ṣe irú oore yìí láìní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ bíi Operation Gratitude, Soldiers' Angels tàbí USO.

Ìgbà tó yẹ kó kúrò lọ́wọ́ yín

Ọdọọdún ni USPS ń kéde ọjọ́ tí ẹrù Kérésìmesì ti ológun gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan wá, USPS Ground Advantage, tó rọjú jù, máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ní nǹkan bí ọjọ́ 6. Ti Priority Mail, tó yára jù ú lọ, máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kejìlá. Ti Priority Mail Express Military máa ń jẹ́ àárín oṣù kejìlá, àmọ́ kì í dé gbogbo ZIP, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń dé tiyín. Ẹ wo ti ọdún yìí lórí ìkànnì USPS, torí ọjọ́ náà máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣe àfojúsùn. Ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń sọ, fún ẹrù tí nǹkan kan ò ṣe lọ́nà. Ẹrù lè dé ibùdó ńlá kó sì tún dúró níbẹ̀, torí àgọ́ kékeré tí ọmọ yín wà kì í rí ọkọ̀ tàbí hẹlikọ́pítà lójoojúmọ́, ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ààbò ló sì ń pinnu ìgbà tí ọkọ̀ yóò lọ. Nínú oṣù kejìlá, yàrá lẹ́tà máa ń kún dé òrùlé, àwọn tó ń ṣà á ò sì pọ̀ sí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Priority Mail ti kúrò lọ́wọ́ yín kí ọjọ́ Thanksgiving (Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá) tó pé. Bó bá tètè dé, kò sí ohun tó bàjẹ́: ẹ kọ ọ́ sára páálí pé kó má ṣí i títí di ọjọ́ 24. Bó ṣe Ground Advantage lẹ fẹ́ lò, òpin oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹrù rẹ̀ kì í wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọ bàálù, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ rẹ̀ fi ṣíwájú ti Priority ní ohun tó lé ní oṣù kan.

Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú bóyá ẹgbẹ́ wọn máa kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Kó má dárúkọ ọjọ́ lórí fóònù. Kó kàn sọ “ẹ ṣì lè fi ránṣẹ́” tàbí “ẹ dúró ná”. Kí ẹgbẹ́ tó ṣí kúrò, ọ̀gá wọn máa ń kéde ọjọ́ tí àwọn ará ilé gbọ́dọ̀ dáwọ́ ẹrù dúró. Ẹrù tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ á máa lé wọn kiri láti ibùdó dé ibùdó.

Páálí

Ẹ lọ sórí ìkànnì USPS, ẹ béèrè Military Care Kit. Ọ̀fẹ́ ni, ilé yín ni wọ́n sì ń gbé e wá: páálí, téèpù, lébẹ́ẹ̀lì àti àpò ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fẹ́ dì í, torí lẹ́tà lòun náà ń bá wá.

Èyí tó wúlò jù nínú wọn ni Large Flat Rate tí wọ́n kọ APO/FPO sí lára. Inú rẹ̀ tó ínṣì 12 lóròó, 12 níbùú, ó sì ga tó ínṣì 5½. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ì báà wúwo tó 70 pọ́ùn, ó sì máa ń dín díẹ̀ sí iye Large Flat Rate tó ń lọ sí ilé lásán. Ohun tó wúwo ló yẹ irú páálí bẹ́ẹ̀: kọfí, ẹ̀pà, ẹja inú ọ̀rá, ìwé. Bó bá jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àti ìpápánu tó fúyẹ́ ló kún inú rẹ̀, ẹ fi páálí tara yín dì í, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kàǹtà, ó lè dín owó kù. Ẹ má yí inú páálí Priority ọ̀fẹ́ síta kí ẹ sì fi ránṣẹ́ bíi Ground Advantage. Wọ́n á mọ̀ ọ́n, iye Priority ni ẹ ó sì san.

70 pọ́ùn ni òfin sọ, àmọ́ ẹ rántí ẹni tó máa gbé e. Láti yàrá lẹ́tà dé ibi tí ọmọ yín ń sùn lè jìnnà, ẹsẹ̀ ló sì fi máa rìn ín. Bó bá ti kọjá 20 pọ́ùn, ẹ pín in sí méjì.

Ohun tí ẹ máa dì

Ẹ bi í kí ẹ tó rà. Ibùdó ńlá ní Jámánì, Japan tàbí Korea ní ilé ìtajà ológun tí ọṣẹ, súwíìtì àti batiri ti ń tà. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò nílò kí ẹ rà á ráńṣẹ́, ohun tí kò rí rà ló ń fẹ́: fọ́tò, lẹ́tà, ìpápánu ìlú tó ti wá, nǹkan ọdún. Ẹni tó wà ní àgọ́ kékeré ní aṣálẹ̀ kò ní ilé ìtajà kankan, ọṣẹ àti ìbọ̀sẹ̀ ṣe pàtàkì fún un ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kò ní àyè: ibùsùn rẹ̀ àti àpótí kékeré kan ló ní, nǹkan pẹrẹsẹ àti ohun tí wọ́n lè jẹ tán ló yẹ ẹ́. Bákan náà, lẹ́tà inú ọkọ̀ máa ń dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ tàbí tí ọkọ̀ mìíràn bá kó ẹrù bá a lójú omi, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò ní rí nǹkan kan, kí páálí mẹ́rin wá dé lọ́jọ́ kan.

Fún àwọn mẹ́rin tí ẹ sọ, báyìí ni mo ṣe máa tò ó sínú Large Flat Rate kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó nípọn, méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè àwọ̀ tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti wọ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ náà ni yóò gba ìjàǹbá dípò ìwé tí a máa ń ká sínú páálí, wọn ò sì ní sọ ọ́ nù. Lórí rẹ̀, ẹja tuna inú ọ̀rá, kì í ṣe inú agolo, nǹkan bí 8. Ẹran màlúù gbígbẹ, ọ̀rá 4. Ẹ̀pà àti èso gbígbẹ, ọ̀rá 4. Ìyẹ̀fun ohun mímu tí wọ́n dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí èèyàn ń dà sínú ìgò omi kan lẹ́ẹ̀kan, bí 40. Omi ibùdó máa ń gbóná, ó sì máa ń ní ìtọ́wò ike, ohun mímu yìí ni wọ́n fi ń gbé e mì. Ẹ fi kọfí àpò kéékèèké 20 sí i. Ẹ ki ìpara ètè, ohun ìkán sójú àti súwíìtì líle sínú àyè tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn. Páàkì káàdì kan àti ìwé àlọ́ ọ̀rọ̀ méjì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ páálí, wọ́n á fún un lókun.

Lórí gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ́ ìbọ̀sẹ̀ Kérésìmesì pupa mẹ́rin, kí ẹ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára tirẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ wọn, ẹ fi káàdì òfìfo sínú rẹ̀ kí ọmọ yín kọ ọ́. Nínú yàrá ẹni mẹ́rin, kò ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹnì kan wà tí kò sẹ́ni tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ẹrù tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bu fún un.

Ẹ má fi ìwé ẹ̀bùn dí nǹkan kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè tú u yẹ̀ wò, yóò sì dé ní yíya. Àpò ẹ̀bùn tó ṣeé ṣí kó sì ṣeé padé sàn jù.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀

Láti ọdún 1990 ni àṣẹ ológun tí wọ́n ń pè ní General Order No. 1 ti wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, wọ́n sì ti tún un kọ nígbà mélòó kan. Ọtí àti àwòrán ìhòòhò kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Bí ẹ bá fi ọtí pamọ́ sínú ìgò ohun mìíràn, ọmọ yín ni ìyà rẹ̀ máa jẹ, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lágbègbè yẹn kò gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọlé pẹ̀lú. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá ẹran gbígbẹ dáadáa, torí àwọn kan wà tí wọ́n po màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ tí àwòrán màlúù sì wà níwájú. Bíbélì tàbí ìwé àdúrà kan fún ìlò ara rẹ̀ kì í sábà ní wàhálà. Páálí tó kún fún ìwé ìwàásù láti pín ló ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin síga àti ẹran tútù yàtọ̀ láti ZIP dé ZIP. USPS ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n to gbogbo ZIP ológun sí, tí lẹ́tà àmì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi hàn ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó wà ní kàǹtà kó bá yín wò ó.

Ní ti bàálù, ohun tó lè gbiná kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn mọ̀ pé ìṣáná àti ìtanná síga ò lè lọ, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé lọ́fínńdà, èékánná kíkùn, agolo afẹ́fẹ́ tó ń fín nǹkan, àti ohun ìfọwọ́ tí wọ́n fi ọtí ṣe wà nínú ẹ̀ka kan náà. Tíṣù olómi tí kò ní ọtí ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ohun ìfọwọ́. Batiri lithium tó bá dá wà kò gbọ́dọ̀ lọ sí APO, àfi èyí tó ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Nítorí náà, power bank kò ṣeé fi ránṣẹ́, bó ti wù kó béèrè tó, torí batiri lásán ni. Batiri AA lásán tí kì í ṣe lithium lè lọ. Ẹ yọ batiri tí kì í ṣe lithium kúrò nínú iná Kérésìmesì, ìfárùngbọ̀n àti ohun ìṣeré, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ etí wọn. Páálí tí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀ ní yàrá lẹ́tà ológun, wọn ò ní gbé e lọ síbì kankan títí wọn á fi ṣí i.

Owó àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà, ẹ fi wọ́n sílé.

Bí ẹ ṣe máa dì í

Òórùn ló ń ba ẹrù jẹ́ jù, kì í ṣe fífọ́. Ọṣẹ olóòórùn tó bá bá bísíkíìtì gbé inú páálí kan, nínú kọ̀ǹténà irin tí oòrùn ń pa, á wọ inú bísíkíìtì náà kó tó débẹ̀, ọṣẹ ni wọ́n á sì máa jẹ. Súwíìtì mint náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe páálí méjì, kí oúnjẹ wà nínú ọ̀kan, kí ohun ìwẹ̀ wà nínú èkejì. Bí ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ fi ọṣẹ sínú ọ̀rá onísíìpù méjì, ọ̀kan nínú èkejì, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú wọn jáde kí ẹ tó tì í.

Ohun tó bá jẹ́ olómi, ẹ tú ìdérí rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ dé e padà, ẹ wé téèpù mọ́ ọn, kí ẹ wá fi sínú ọ̀rá onísíìpù pẹ̀lú tíṣù. Bàálù máa ń yí ìfúnpá afẹ́fẹ́ padà, ìgò tó kún bámúbámú ló sì ń jò jù.

Ṣokoléètì lásán ń yọ́. Nínú oṣù kejìlá, ojú ọjọ́ ibẹ̀ lè tutù, àmọ́ inú kọ̀ǹténà tó wà lójú oòrùn kì í tutù. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ ra èyí tí ṣúgà líle bò lára, kí ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí, kó má bàa tú sára ìbọ̀sẹ̀.

Bísíkíìtì tí ẹ yan fúnra yín lè lọ, torí àwọn tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ yín. Ẹ yan èyí tó le díẹ̀, tí kò ní kírímù àti aísìn. Ẹ jẹ́ kó tutù délẹ̀, mo ní kó sun di ọjọ́ kejì, torí ooru tó kù nínú rẹ̀ ló ń di omi, omi ló sì ń jẹ́ kí ohun funfun hù lára rẹ̀. Ẹ wá kọ ẹ̀yìn bísíkíìtì méjì síra wọn, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé méjì náà pọ̀, ẹ tò wọ́n ní ìdúró nínú agolo bí ìwé ṣe ń dúró lórí pẹpẹ, kí ẹ fi tíṣù dí àyè tó kù. Bísíkíìtì tó bá dùbúlẹ̀ lé ara wọn ló ń run. Àwọn kan máa ń fi ègé búrẹ́dì kan sínú rẹ̀ kó má bàa gbẹ. Ó dára fún ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Fún APO, búrẹ́dì yẹn á ti hu kó tó dé, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó dé páálí, ẹ fi ìwé kan lé orí gbogbo rẹ̀ tó ní àdírẹ́sì rẹ̀ àti tiyín àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí lébẹ́ẹ̀lì ìta bá ya, ìwé yẹn ló máa mú un délé. Ẹ gbé páálí náà sókè, ẹ mì ín. Bí nǹkan bá ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi kún un. Bó bá sì kún tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí ò pa déédéé, ẹ yọ díẹ̀, torí wọ́n kì í gba Flat Rate tí ẹ fi téèpù na ìdérí rẹ̀. Téèpù tó fẹ̀ tó ínṣì 2 ni kẹ́ ẹ lò, kó gba àárín àti etí méjèèjì, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ọn. Páálí tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀, ẹ bo gbogbo lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ara rẹ̀, pàápàá àmì ọtí tàbí ti ohun olóró.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù

Níbí ni ìlà ti ń gùn ní póòsù ọ́fíìsì. Wọn kì í gba èyí tí èèyàn kàn fi ọwọ́ kọ lẹ̀ mọ́ páálí mọ́. Fọ́ọ̀mù PS 2976-R ni ẹ ó fi ọwọ́ kún, ẹni tó wà ní kàǹtà yóò sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì gidi jáde. Ẹ kún un nílé. Tàbí kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lórí Click-N-Ship, ìyẹn ibi tí USPS ti ń jẹ́ kí èèyàn ṣe lébẹ́ẹ̀lì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì san owó rẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹ̀bùn” nìkan kò tó, “oúnjẹ” nìkan kò tó. Ẹ dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, iye rẹ̀, bó ṣe wúwo tó àti iye owó rẹ̀ ní dọ́là: ìbọ̀sẹ̀ òwú, 8, ẹran màlúù gbígbẹ, ọ̀rá 4. Ẹ jẹ́ kó ṣe kedere pé ti màlúù ni. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí wọ́n á ṣe bí wọn ò bá rí i fún un, ẹ mú pé kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ rántí pé lébẹ́ẹ̀lì yìí máa wà níta páálí, ọmọ yín á sì kà á kó tó ṣí i. Bí ohun kan bá wà tó jẹ́ ìyàlẹ́nu, ẹ kọ irú ohun tó jẹ́, láìsọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti lọ

Priority Mail ní nọ́ńbà tí ẹ lè fi tọ́ ọ, ó sì ní ìdánilójú owó tó tó 100 dọ́là. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí Chicago fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò sì sí ohun mìíràn. Láti ìgbà tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, kì í sábà sí àmì tuntun títí yóò fi dé póòsù ibùdó wọn. Bí ó bá sọnù, ó di ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó lè béèrè owó, torí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí ọmọ yín bá dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì ibùdó fún ìdí ààbò. Kò fi hàn pé ẹrù ò dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó yẹ kó yí ìnáwó yín padà. Ẹrù máa ń pọ̀ jù nínú oṣù kejìlá, torí àwọn ẹgbẹ́, ìjọ àti ilé ìwé ló ń rọ́ ọ lọ nígbà kan náà. Tó bá di àárín oṣù kìn-ín-ní, ó máa ń gbẹ fúú, iṣẹ́ wọn ò sì tíì parí. Bó bá jẹ́ pé owó páálí méjì lẹ ní, ẹ fi ọ̀kan ṣe Kérésìmesì, kí ẹ di èkejì lẹ́yìn ọdún, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí póòsù ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ìlà ibẹ̀ ti kúrú.